Ẹ̀rín Tí A Gé Kúrò

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú ara. Ṣé eékún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu báyìí? Mo gbà á ládùúrà pé orí àga yín lójú fèrèsé ni lẹ́tà yìí máa bá yín, kó má bá yín lórí ibùsùn. Èmi náà wà dáadáa. Yàrá tí mo háyà ṣì tutù, ṣùgbọ́n mo ti ra kúbùsù kejì.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ́dítọ̀ ni mò ń ṣe níbí. Àwọn èèyàn á ya eré tẹlifíṣọ̀n títí fídíò rẹ̀ á fi tó ogójì wákàtí, èmi ni n óò wá jókòó sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, n óò gé èyí tí kò wúlò, n óò to èyí tó wúlò, títí á fi ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ àwọn ẹ́dítọ̀ máa ń fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ṣe jù ní àmì-ẹ̀yẹ. Lọ́dún yìí, èèyàn márùn-ún péré ni àwọn adájọ́ yàn fún eré tẹlifíṣọ̀n. Mo wà nínú wọn, Bàbá. Nínú márùn-ún yẹn ni wọ́n á ti mú ẹnì kan.

Ìwé kan wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i níbi tí mo fi pẹ́ńsù sàmì sí, kí ẹ sì tètè dá a padà. Ọ̀rọ̀ ìdílé lásán ni, ilé iṣẹ́ kàn fẹ́ kó wà nínú fáìlì ni. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti kà á, èdè lọ́yà ló kún inú rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Ọ̀fíntótó


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní

Ọ̀fíntótó mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì ti kọ ọjọ́ tí mo gbà á sẹ́yìn àpòòwé. Eékún mi wà níbi tó wà. O kú iṣẹ́, o kú oríire. Inú mi dùn, má rò pé kò dùn. Ṣùgbọ́n inú dídùn lọ́tọ̀, ìwé fífọwọ́sí lọ́tọ̀.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù. Ẹni tó bá ti ní kí n má wulẹ̀ ka ìwé, tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ìwọ ọmọ tí mo bí nínú ara mi lo wá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi? Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì tí o ní ṣé mo ti fọwọ́ sí i, mo ní kí o kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, o ní àwọn adájọ́ ló yàn ọ́. Ta ló fi wọ́n jẹ adájọ́? Ìkejì, ní kóòtù tiwa, ẹni tó bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú ohun tí ẹlẹ́rìí sọ, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Níbi tí o wà, àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n ń fún un. Jọ̀ọ́, là mí lóye, nítorí mo ti sọ fún àwọn ojúlùmọ̀ mi pé iṣẹ́ gidi ni ọmọ mi ń ṣe. Ìkẹta ló wúwo jù. Ojú ewé kejì ìwé rẹ ní kí èmi, olórí ìdílé, fàyè gba lílo "ohùn ẹni tó jẹ́ ti ìdílé mi." Ohùn ta ni? Èmi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, n kò sì yá ẹnikẹ́ni ní ohùn mi. Àbí ò ń gba ohùn mi sílẹ̀ nígbàkígbà tí o bá pè mí ni? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

N kò tíì fọwọ́ sí i. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò mi.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìdúró dè mí. Mo ka lẹ́tà yín, ó ṣe mí bí ẹni tó dúró sínú àpótí ẹlẹ́rìí. N kò gba ohùn yín sílẹ̀ rí. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí, pé ẹ lè rò ó sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eré náà dá lórí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti ọ̀dọ̀ tiwa lọ sí òkèèrè, tí ìyàwó rẹ̀ sì kú sílé kó tó padà. Ní ìpín kẹfà, ọkùnrin náà dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Òṣèré tí wọ́n gbà fún ohùn ìyàwó náà sọ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà méjìlá, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Mo wá fi ohùn obìnrin kan nínú ìdílé wa dí àyè náà fúngbà díẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe yẹ kó gùn tó. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùdarí eré gbọ́ ọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ mọ́. Wọ́n bi mí bóyá a ní àṣẹ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohùn náà tán, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tẹ̀ lé e. Àwọn adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló mú kí àwọn yàn mí. Wọ́n sì fẹ́ rí ìwé àṣẹ ohùn náà kó tó di ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún. Bí kò bá dé, wọ́n á yọ orúkọ mi, ilé iṣẹ́ á sì bi mí ìdí tí mo fi parọ́. N kò rò pé wọ́n á tún gbà mí sínú yàrá ẹ́dítì lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yín ń dùn mí, Bàbá. Ẹ ti fọwọ́ sí ìwé fún gbogbo ayé, tèmi ni ẹ tì mọ́ dúrọ́ọ̀. Àbí ẹnì kan ló ń gbà yín nímọ̀ràn? Ṣé ẹ ti fi ìwé náà han Àǹtí Nọ́ọ̀sì? Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ fẹ́ wo eré náà o, kò lè dé ọ̀dọ̀ yín.

Èmi ọmọ yín,
Ọ̀fíntótó


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta

Ọ̀fíntótó,

Mo kí ọ.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí èmi àti àbúrò mi tí ẹ̀ ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti kíra wa kẹ́yìn. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn, o kò dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà kankan. Kí ló wá gbé orúkọ rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ? Ìgbà tí mo ka gbólóhùn yẹn ni ara fu mí. O tún ní eré náà kò lè dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó bá ti ní kí n má wò, o mọ ìyókù.

Mo sọdá títì lọ bá ìyáàfin onífọ́tókópì. Obìnrin yẹn kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi rí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbé àga oníke fún mi láàárín àwọn bébà, a sì wò ó. Awakọ̀ náà wọlé, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wá gbọ́ ọ: "Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn, kó ti ilẹ̀kùn o."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ìyáàfin náà ní kí ló dé, mo ní ìyàwó mi ni. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Mo ní kó dá a padà, ó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀meje.

Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé mi lọ sí kóòtù ọ̀nà jíjìn nígbà tí o wà ní kékeré. Ìyá rẹ gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi rán awakọ̀ sí mi, mo sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí mo fi padà sílé. Mo mọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Lẹ́yìn "kó ti ilẹ̀kùn o", ẹ̀rín àbúrò mi ló máa ń tẹ̀ lé e, ẹ̀rín tí kì í tètè tán. Nínú eré yín, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́.

Mo délé, mo sọ Ìwé Ẹrù Ilé kalẹ̀ lára ìṣó rẹ̀. O mọ òfin ilé wa. Ẹni tó bá yá nǹkan á fọwọ́ sí i, ẹni tó bá gbà á padà á fọwọ́ sí i. Ojú ewé kẹtàdínlógún: kásẹ́ẹ̀tì kan, ohùn ìyàwó mi. Ẹni tó yá a, àbúrò mi. Ibi ìdápadà, òfìfo. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ rí òfìfo yẹn, ìyá rẹ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú, kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo ní tó ń sọ̀rọ̀. Ìwọ ń palẹ̀ ìrìn àjò mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo bi àbúrò mi. Ó ní òun ti dá a padà. Mo ní ta lo dá a padà fún? Ó pa ẹnu dé. Nígbà tí o lọ tán, mo ní títí kásẹ́ẹ̀tì yẹn á fi padà, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́.

Mo sì kọ̀wé sí ọ nígbà yẹn, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún. Mo bi ọ́ bóyá o mọ nǹkan nípa rẹ̀. Èsì rẹ wà níwájú mi báyìí, ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà: "Bàbá, ẹ bi ẹni tó fọwọ́ síwèé." Mo gbà ọ́ gbọ́ nítorí pé o kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ta ló fún ọ ní kásẹ́ẹ̀tì mi? Bó bá jẹ́ pé àbúrò mi ló gbé e ránṣẹ́ sí ọ, sọ ọ́, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ọ̀fíntótó,

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ti kọjá. O pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò gbé e, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ní kóòtù, bí wọ́n bá bi èèyàn ní ìbéèrè tó dákẹ́, èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dákẹ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé rẹ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò ní kí yín púpọ̀ lónìí, kí n má baà sá pamọ́ sẹ́yìn ìkíni.

Èmi ni mo mú un. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò jí nǹkan kan.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n rìnrìn àjò, ẹ ti lọ sí kóòtù. Àǹtí gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá, wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun dì í. Wọ́n ní kí n fún yín, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo gbà á. Mo ní mo gbọ́, wọ́n sì lọ. Mo sọ Ìwé Ẹrù Ilé kalẹ̀, mo mú bírò dání. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ná. Mo gbọ́ ọ tán, n kò lè kọ ọ́ mọ́. Mo fi ìwé náà kọ́ padà, mo sì ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú bàtà mi nínú àpótí. Lójú mi nígbà yẹn, ẹ̀yin ní ilé tí Màmá gbé, ẹ ní àga wọn, ẹ ní aṣọ wọn. Èmi ń lọ, n kò sì ní nǹkan kan.

Nígbà tí lẹ́tà yín dé, ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní kí n dá a padà. Mo kọ gbólóhùn kan péré. Kì í ṣe irọ́, ohun tó burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn, mo rò pé mo gbọ́n. N kò mọ̀ pé ẹ máa ti ilé mọ́ wọn. Nígbà tí mo sì mọ̀, ojú ti ń tì mí jù.

Ẹ̀rín yẹn ńkọ́? Mo sọ fún olùdarí eré pé ẹ̀rín á ba ìbànújẹ́ ibẹ̀ jẹ́. Ìyẹn gan-an ni irọ́. N kò lè gbọ́ ẹ̀rín Àǹtí kí n má rántí ohun tí mo ṣe fún wọn. Láti ọdún mọ́kànlá, n kì í jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà kọjá ibẹ̀. Ariwo kan tún wà láàárín ohùn Màmá àti ẹ̀rín náà, gbàm̀, bí ẹni pé nǹkan já lulẹ̀. Mo gé ìyẹn náà. Ohun tí àwọn adájọ́ fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ dá mi lọ́lá nìyẹn, Bàbá: àyè tí mo ti yọ Àǹtí kúrò.

Tí ẹ bá ní kí n yọ orúkọ mi, n óò yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú kú. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí, tàbí kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n bú mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Mo kà á tán, mo gbé fìlà mi, mo kó lẹ́tà rẹ àti Ìwé Ẹrù Ilé sábẹ́ apá, mo lọ sílé àbúrò mi. Ibẹ̀ kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ọjà kí n má baà kọjá níbẹ̀.

Ó rí mi láti ojú fèrèsé. Kò ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n sọ ohun tí mo bá wá níbi tí mo dúró sí. N kò dá a lẹ́bi. Mo dúró síta, mo ka lẹ́tà rẹ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Aládùúgbò méjì gbọ́. Nígbà tí mo kà á tán, mo sọ ọ̀rọ̀ tèmi. Mo ní, "Akọ̀wé ni mí, n kì í ṣe adájọ́, mo sì dá ọ lẹ́jọ́. Jọ̀ọ́, àbúrò mi." Ó ṣílẹ̀kùn.

Ìwọ ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi náà ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Inú ṣì ń bí mi sí ọ. Ó ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé rẹ lójú rẹ̀, mo sì fi lé e lọ́wọ́. Bó bá wù ú, kó fi ránṣẹ́. Bó bá wù ú, kó fi dáná. N kò ní bá ọ bi í, o kò sì gbọ́dọ̀ pè mí nítorí rẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Ọ̀fíntótó,

Ṣé wọ́n ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí àpò tí o kì í tú wò. O kú ọjọ́ pípẹ́.

Ìwé rẹ wà nínú àpòòwé yìí. Mo gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú ìṣáná dání. N kò ní purọ́ fún ọ.

Bàbá rẹ bi mí ìdí tí mo fi pa ẹnu dé nígbà náà. Nítorí pé àpótí rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, okùn ti wà lára rẹ̀. Ká ní mo ní "ọmọ yín ni mo fún", wọ́n á tú àpótí yẹn lójú gbogbo ayé, ìrìn àjò rẹ á sì dàrú. Ìyá rẹ ti kú, o kò sì ní ẹlòmíràn tó máa gbè ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kó lọ, tó bá délẹ̀ tán, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á kọ̀wé jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló di ọdún mọ́kànlá. Ó dùn mí, ọmọ yìí. Ó dùn mí gan-an. Wọ́n ń pè mí ní olè nínú ilé tí mo ti wẹ̀ fún ọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé egbò tí a kò tíì fọ̀, a kì í dì í. Nítorí náà má ní kí n sọ pé mo ti dárí jì ọ́ tán. Mo ṣì ń fọ̀ ọ́.

Lánàá, bàbá rẹ wá jẹun lọ́dọ̀ mi, wọ́n tún gbé ìwé wọn wá. Wọ́n fẹ́ fi bírò pupa pa ojú ewé kẹtàdínlógún rẹ́. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Gígé tí ẹ̀yin méjèèjì ń gé nǹkan ti tó.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò ju ẹyọ kan lọ. Gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ bí wọ́n bá fún ọ, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ lódindi, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀, má sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Kó o tó dì í, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kọjá ibi tí o máa ń dá a dúró sí.

O kọ̀wé pé ó dún gbàm̀, bí ẹni pé nǹkan já lulẹ̀. Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Mo jáde lọ ká aṣọ nítorí òjò ti ń ṣú, ìwọ náà tẹ̀ lé mi, o sì sáré wọlé ṣáájú mi. Ìyá rẹ jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ, ó ní ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn, kó ti ilẹ̀kùn o. O rò pé ìwọ lo kẹ́yìn. O fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀kùn yẹn, gbàm̀, mọ́ èmi tí mo di aṣọ tútù mọ́ra lóde. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí tí mo ti ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Ìyá rẹ ló dìde wá ṣí i fún mi. Ìyẹn náà wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, bí o bá jẹ́ kó lọ síwájú díẹ̀ sí i.

Àǹtí rẹ